Nọ́ńbà ni kí ẹ gbà, ẹ má gba orúkọ: bí a ṣe ń fi ìbámu DNA to igi ìdílé olórogún

Èsì DNA dé. Ẹ ṣí i, ẹ rí orúkọ kan lókè pátápátá, wọ́n kọ “1st cousin” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sì sáré fi ẹni náà sábẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá yín lórí igi ìdílé. Nígbà tó yá, ẹlòmíràn yọjú nínú èsì, nǹkan ò sì jọra mọ́. Ẹni tí ẹ pè ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá kò bá ìbátan ìyá bàbá yín kankan mu, bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà ló yẹ kó bí bàbá yín àti bàbá tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì àti Kánò ti ń jáwọ́.

DNA kò purọ́ o. Orúkọ tí kọ̀ǹpútà pe ẹni náà ni kò tọ́. Ilé ọkọ kan aya kan ni àwọn tó ṣe ètò náà ní lọ́kàn. Ilé olórogún ni tiwa. Bàbá àgbà kan lè bí ọmọ ogún láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin, kí àkọ́bí sì fi ogójì ọdún ju àbíkẹ́yìn lọ. Nọ́ńbà ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó wá orúkọ tí nọ́ńbà náà ń jẹ́ nínú ilé yín.

Ohun tí ẹ ó nílò

Àyẹ̀wò tó tọ́ ló ṣáájú. Àyẹ̀wò DNA tí àwọn láàbù ń ṣe láti mọ bàbá ọmọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: ojú ibi bí ogún péré lára DNA ni wọ́n sábà máa ń wò níbẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fúnni. Èyí tí a ń wá ni wọ́n ń pè ní autosomal, tó ń ka ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ojú ibi, tó sì ń to orúkọ gbogbo ẹni tí DNA wọn bá tiyín mu sílẹ̀. AncestryDNA, MyHeritage, 23andMe àti FamilyTreeDNA ló ń ṣe irú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo orílẹ̀-èdè, nítorí náà ẹ wo àkójọ wọn kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n ń gba itọ́ tí a fi ránṣẹ́ padà láti Nàìjíríà.

Yàtọ̀ sí ìyẹn:

- Ímeèlì kan tí ẹ kò ní pàdánù. Kì í ṣe ti ibi iṣẹ́.
- Ìwé ńlá kan àti pẹ́ńsù. Ẹ má fi bírò bẹ̀rẹ̀.
- Google Sheets tàbí Excel fún àkójọ àwọn ìbámu.
- Gramps, ètò ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà, fún igi náà fúnra rẹ̀.
- Àkáǹtì lórí GEDmatch, ìkànnì tí a ń gbé dátà DNA sí láti fi wé ti ẹlòmíràn, àti lórí DNA Painter, ìkànnì tó ń báni ka nọ́ńbà ìbámu. Èyí tí a ó lò jù nínú wọn kò ní owó.
- Nọ́ńbà fóònù àwọn àgbà ilé, pàápàá àwọn ìyá.

Ìpele 1: Ẹ kọ ilé náà sílẹ̀ ní ìdí-igi

Nígbà tí a bá ń pín ogún, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìdí-igi kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ kọ ọkùnrin náà sókè, ẹ to àwọn ìyàwó rẹ̀ sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe wọlé dé, kí ẹ sì fi ọmọ sábẹ́ ìyá tó bí i. Ẹ má fi gbogbo ọmọ sábẹ́ bàbá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ àwọn tó kú ní kékeré, ẹ kọ àwọn tó lọ sí Gánà tí wọn kò padà, ẹ kọ ìyàwó tó kọ ọkọ tó sì gbé oyún lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń yọjú nínú èsì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí ìyá àgbà bá ní “àbúrò bàbá rẹ ni,” ó lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ ọmọ orogún, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọmọ ará àdúgbò tí wọ́n jọ dàgbà ní Sábó. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi í ní gbogbo ìgbà: “Ta ló bí i, mà? Ṣé iyèkan ni wọ́n ni, àbí ọbàkan?” Iyèkan ni ti ìyá, ọbàkan ni ti bàbá. DNA mọ ìyàtọ̀ yẹn dáadáa.

Orúkọ ńkọ́? Ẹnì kan lè ní orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ìsìn àti orúkọ tí àwọn Hausa fún un lọ́jà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì fi orúkọ ìdílé wá ènìyàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dé Àríwá láyé ọjọ́un fi orúkọ ìlú wọn ṣe orúkọ ìdílé, òmíràn fi orúkọ bàbá rẹ̀, òmíràn fi orúkọ tí tíṣà kọ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ìyá méjì lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé méjì. Ohun tó ń tọ́ni sọ́nà ni ìlú, agbo ilé, oríkì orílẹ̀, èèwọ̀, àti ìlà ojú fún àwọn tó kọ ọ́. Oríkì orílẹ̀ ń tẹ̀lé bàbá, nítorí náà ẹ kọ ti ìyá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ti bàbá rẹ̀ ni.

Bí wọn kò bá mọ ọdún, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ṣé wọ́n ti bí i kí a tó gba òmìnira ní 1960? Ṣé nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ó ti ń rìn? Nígbà tí a yí ọkọ̀ wíwà sí ọwọ́ ọ̀tún ní April 1972, tàbí tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973, kíláàsì wo ló wà? Bí ìdílé bá ti pẹ́ ní Àríwá, ìwé ìrìbọmi àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi tí àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ dá sílẹ̀ wúlò gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ìwé iṣẹ́ rélùwéè àwọn tó ṣiṣẹ́ ní Zaria, Kafanchan tàbí Minna. National Archives tó wà ní Kàdúná náà kò yẹ ní fífò.

Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí kò sí ẹni tó ń fẹ́ bèèrè. Ṣé wọ́n ṣú ìyàwó kankan lópó nínú ilé yìí? Ṣé ìbejì tí wọ́n jọra bí ìmumu wà lára àwọn àgbà? Ṣé ọmọ kan wà tí wọ́n gbà tọ́, tí wọ́n kàn ń pè ní ọmọ ilé? Ìdáhùn wọn yóò yí nọ́ńbà padà ní ìpele kẹfà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé ẹ lè sọ ìlú, agbo ilé, iye ìyàwó tàbí ọkọ tó ní, àti ọmọ tó wà lábẹ́ ìyá kọ̀ọ̀kan? Bí àlàfo bá ju méjì lọ, ẹ tún fóònù gbé kí ẹ tó náwó.

Ìpele 2: Ẹ yan ẹni tí itọ́ rẹ̀ yóò lọ

Ìran kọ̀ọ̀kan ń gé DNA baba ńlá sí ìdajì. Ohun tí àǹtí yín ní lára bàbá àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ẹ̀yin ní. Àgbà ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Bí òbí yín bá wà láàyè, ẹ fi owó tiyín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin lè dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹni kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá lè yan, ẹ mú ọmọbìnrin bàbá náà dípò ọmọkùnrin rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ ní ìpele keje, òun ló sì máa ń gba àwọn tó bá há là.

Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Ẹ má sọ fún ìyá àgbà pé ibà ni ẹ fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ ṣàlàyé pé àyẹ̀wò yìí lè fi hàn pé bàbá kan kọ́ ló bí ọmọ kan, àti pé ohun tó bá ti hàn kò ṣeé bò mọ́. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ DNA mọ́ ohun tó gbẹgẹ́, nítorí náà ẹ gba ìwé ìfọwọ́sí tàbí ohùn wọn lórí fóònù. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé GEDmatch ni àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà lò ní 2018 láti mú apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Golden State Killer, ìbátan rẹ̀ ló sì tú u fó. Níbi tí ẹ ti ń fi dátà síbẹ̀, wọn yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí ọlọ́pàá lè fi wé tiwọn. Ẹni tó ni itọ́ ni kó dáhùn.

Ìpele 3: Ẹ gba itọ́ náà bó ṣe yẹ

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí sìgá, kò sí ṣingọ́ọ̀mù. Fún àwọn àgbà wa, ẹ fi obì, orógbó, tábà àti pákò kún un. Obì ló ń bà á jẹ́ jù, nítorí wọn kì í kà á sí oúnjẹ. Òwúrọ̀ kùtùkùtù kí wọ́n tó jẹun ló dára. Nínú oṣù Ramadan, ẹ má gba itọ́ ní ọ̀sán, ẹnu gbẹ. Ẹ dúró di wákàtí kan lẹ́yìn ìṣínu.

AncestryDNA àti 23andMe ń gba itọ́ sínú ìgò kékeré. Ìlà wà lára rẹ̀: itọ́ gan-an ni kó dé ìlà náà, ìfófòó kò sí lára rẹ̀. Bí ẹnu àgbà bá gbẹ, ẹ ní kó fi ọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ìta, kó sì máa ronú ọsàn wẹ́wẹ́. Bí kò bá tún wá, ẹ lo ti MyHeritage tàbí FamilyTreeDNA tí ń fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ sì nu ún pẹ́ tó bí ìwé inú páálí ṣe wí. Lẹ́yìn tí ẹ bá dé ìgò itọ́, omi inú ìdérí yóò dà sínú rẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe ti itọ́ rárá, ti nọ́ńbà ni. Wọ́n gba itọ́ àgbà méjì lọ́jọ́ kan náà, ìgò wọn sì pààrọ̀. Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹni tó ni ìgò mú un lọ́wọ́, kí ẹ ya fọ́tò òun àti nọ́ńbà ara ìgò náà, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì dí i pa kí ẹ tó pe ẹni kejì. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Oòrùn Àbújá ní oṣù kẹta kì í ṣeré.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ímeèlì “a ti gbà á” gbọ́dọ̀ dé. Èsì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn. Bí òbí àti ọmọ bá jọ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá wọ́n jọ ní nǹkan bí 3,400 cM sí 3,700. cM, ìyẹn sẹ́ńtímọ́gàn, ni òṣùwọ̀n DNA tí ẹni méjì jọ ní. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ rántí fọ́tò ìgò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ẹnikẹ́ni.

Ìpele 4: Ẹ gbá pàǹtí kúrò

Èsì yóò gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ wá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, Brazil àti àwọn erékùṣù Caribbean, ní 8 sí 20 cM. Àwọn wọ̀nyí lè jẹ́ ẹbí yín lóòótọ́, láti ara àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀yin àti wọn ti pàdé jìn ju ibi tí ìwé tàbí ìrántí àgbà kankan dé lọ. Ẹ dá wọn lóhùn bí wọ́n bá kọ̀wé, ẹ má sì fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ igi. Ègé DNA kéékèèké lè jẹ́ èké pátápátá. Nítorí ìyẹn ni AncestryDNA fi gbé ìlà tirẹ̀ láti 6 cM lọ sí 8 ní 2020.

Ẹ fi ìlà yín sí 40 cM. Èyí tó wà láàárín 20 sí 40, ó di ẹ̀yìn ọ̀la. Ìsàlẹ̀ 20, ẹ fi í sílẹ̀.

Àwòrán ìpín ẹ̀yà náà ńkọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn ń fi sórí sítétọ́ọ̀sì? Kò wúlò fún igi. Bí wọ́n bá kọ “Benin àti Togo” sí i, ìyẹn kò sọ pé ìyá àgbà yín wá láti Kútọnu. Orúkọ tí wọ́n fún àpò kan ni, DNA àwa àti àwọn aládùúgbò wa sì jọra jù fún ààlà tí àwọn òyìnbó fà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ó lè ṣẹ́ ku orúkọ mẹ́ta. Bó ṣe máa ń rí fún ọmọ Nàìjíríà nìyẹn, nítorí àwọn ará ilé wa tó ti ṣe é kò pọ̀. Àwọn àgbà tí ẹ yẹ̀ wò ní ìpele kejì ni yóò ṣe òpó tí ẹ ó fi ka àwọn mẹ́ta náà.

Ìpele 5: Ẹ ya ti bàbá sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyá

Gbogbo ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ló ní ibi tí wọ́n ti ń fi àwọn tí ẹ̀yin àti ìbámu kan jọ ní hàn. Ẹ fún òbí àgbà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan. Ẹnikẹ́ni tó bá àǹtí tí ó jẹ́ ọmọ ìyá bàbá yín mu, ti bàbá ni. Ẹnikẹ́ni tó bá tún bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá yín mu, ìyá bàbá yín ni kó gba àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń lo ìbámu 90 sí 400 cM láti to àwọ̀ yìí láìsí àgbà kankan. Tiwa kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: bí AncestryDNA kò bá fi ẹnì kan hàn lára àwọn tí ẹ jọ ní, kò túmọ̀ sí pé kò sí. 20 cM sókè ni wọ́n sábà máa ń fi hàn níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kejì jẹ́ ti àwa tí à ń gbé Àríwá. Ìdílé Yorùbá kì í fẹ́ ẹbí, nítorí náà nọ́ńbà wa sábà máa ń ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n bí ìyá yín bá jẹ́ Hausa tàbí Fúlàní, tàbí tó jẹ́ ará Ìlọrin tí ó ní Fúlàní nínú, auren zumunta, ìgbéyàwó láàárín ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, lè ti wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran. DNA kan náà á gba ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin dé ọ̀dọ̀ yín, cM á wú. Àmì rẹ̀ ni pé gbogbo wọn bá gbogbo wọn mu, àpapọ̀ lè dé 100 cM, síbẹ̀ ègé tó gùn jù kò ju 12 tàbí 15 lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, ègé tó gùn jù ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì ka ìbátan náà sí èyí tó jìn ju ohun tí àpapọ̀ ń wí lọ.

Ìpele 6: Ẹ ka nọ́ńbà

Àárín iye cM ìbátan kọ̀ọ̀kan àti ààlà rẹ̀ rèé, láti inú Shared cM Project, àkójọ iye cM tí àwọn ẹbí jọ ní, tó wà lórí DNA Painter, mo kàn ṣe é ní ṣókí:

- Ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà: 2,600, ó lè jẹ́ 1,600 sí 3,500.
- Ọbàkan, iyèkan tí bàbá wọn yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí, òbí àgbà: 1,750, ó lè jẹ́ 1,000 sí 2,450.
- Ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí yín. Ọbàkan òbí yín. Ọmọ ìyá òbí àgbà yín: 870. Ó lè jẹ́ 330 sí 1,470.
- Ọmọ ọbàkan òbí yín. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí àgbà yín: 440. Ó lè jẹ́ 100 sí 980.
- Ẹni tí òbí àgbà yín àti tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà: 230, ó lè jẹ́ 40 sí 590.
- Ìran kan sí i sísàlẹ̀ ìyẹn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: 73, ó sì lè jẹ́ òdo.

Ẹ wo ìlà kẹta yẹn dáadáa. Kọ̀ǹpútà yóò pe gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní “1st cousin”. Nínú ilé wa, ọbàkan bàbá ló ṣeé ṣe jù, ó sì lè kéré sí yín lọ́jọ́ orí. Ẹ má fi ọjọ́ orí pín ìran nínú ilé olórogún.

Ẹ rántí ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Bí wọ́n bá ṣú opó fún àbúrò ọkọ tó kú, ọmọ tí obìnrin náà bí fún ọkọ àkọ́kọ́ àti èyí tó bí fún èkejì kì í ṣe ọmọ bàbá kan, síbẹ̀ wọ́n ju iyèkan lásán lọ, torí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni bàbá méjèèjì. Nǹkan bí 2,200 ni wọ́n yóò jọ ní, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ pé bàbá kan ló bí wọn. Láti yà wọ́n, ẹ lo one-to-one, ètò tó ń fi DNA ẹni méjì wé ara wọn, lórí GEDmatch kí ẹ ní kó fi àwòrán hàn. Àwọ̀ ewé ni ibi tí ẹni méjì bára mu láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá kan náà ní in ní nǹkan bí ìdámẹ́rin gbogbo rẹ̀. Ọmọ opó tí a ṣú, nǹkan bí ìdámẹ́jọ. Ọbàkan lásán kò ní in àfi ìfọ́nká tíntìntín. Ní ti ìbejì tó jọra bí ìmumu, DNA kan ni Táyé àti Kẹ́hìndé, nítorí náà àwọn ọmọ Táyé àti àwọn ọmọ Kẹ́hìndé yóò máa hàn bí ọbàkan, ní 1,750 dípò 870. Ẹnikẹ́ni kò ṣe àgbèrè.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Fún ìbámu kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ó kéré tán ìbátan méjì tó lè jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ẹ kọ, ẹ kò tíì ka ìlà náà tán.

Ìpele 7: Ẹ fi X ya ọbàkan kúrò lára àwọn yòókù

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ. Obìnrin kan ní Houston bá yín mu ní 452 cM. Àǹtí yín, tí ìyá kan náà bí òun àti bàbá yín, bá a mu ní 880. Ọ̀ffà ni bàbá obìnrin náà ti wá, bàbá àgbà tiyín náà ará Ọ̀ffà, ó sì fẹ́ ìyàwó mẹ́ta.

Ọ̀nà méjì ló wà. Bóyá bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ bàbá àgbà yín láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mìíràn. Tàbí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá bàbá àgbà yín, tàbí ti ìyá àgbà yín. Ẹ padà sí ìpele kẹfà: 452 àti 880 gba ọ̀nà méjèèjì bákan náà. Bí bàbá rẹ̀ gan-an bá tutọ́, nǹkan bí 1,750 ni yóò bá àǹtí yín mu, yálà ọbàkan àǹtí ni tàbí àbúrò bàbá rẹ̀. Ẹ lè máa wo cM títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní sọ.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ìyá àgbà kúrò. Ṣé obìnrin Houston bá ìbátan ìyá àgbà kankan mu? Bó bá bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà mu ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan cM, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ti wá, ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì tán. Bí kò bá bá wọn mu rárá, ti bàbá àgbà ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá obìnrin kan tí ìyá kan àti bàbá kan bí òun àti bàbá obìnrin Houston. Òun ni kó ṣe àyẹ̀wò. X àti Y jẹ́ méjì lára àwọn okùn DNA (chromosome) tí òbí ń fún ọmọ. Ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, kò sì gé e kó tó fún ọmọbìnrin rẹ̀. Bó ṣe gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló ń gbé e fún gbogbo wọn. Ọmọbìnrin méjì tí bàbá kan bí, bí ìyá wọn tilẹ̀ yàtọ̀, X wọn gbọ́dọ̀ bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ gbé dátà obìnrin náà àti ti àǹtí sórí GEDmatch, ẹ lo X one-to-one. Bí ó bá dé nǹkan bí 196 cM lódindi, tí cM yòókù sì wà ní àyíká 1,750, ọbàkan ni wọ́n, ẹ ti rí ìdí-igi tó sọnù. Àlàfo tíntìntín kan láàárín lè jẹ́ àṣìṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí apá ńlá X kò bá bára mu, kì í ṣe bàbá kan ló bí wọn, ìbáà jẹ́ 1,900 ni wọ́n jọ ní: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àbúrò bàbá àgbà ni obìnrin náà.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í nìyí: wọ́n á lọ mú ọmọkùnrin. Bàbá kì í fún ọmọkùnrin ní X, Y ló ń fún un, Y sì jẹ́ ọ̀kan náà lára bàbá àgbà, lára àbúrò rẹ̀ àti lára bàbá wọn. Y yóò sọ pé agbo ilé kan ni yín. Kò ní sọ ẹni tó bí ta.

Ìpele 8: Ẹ kọ̀wé sí ìbámu náà

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “bàbá wa kan náà ni.” Ẹ jẹ́ kó kúrú, kí ìbéèrè má ju mẹ́ta lọ. Ẹ lè lo irú èyí:

“Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, mà. Àbújá ni mo ń gbé, ará Ọ̀ffà ni bàbá mi. Èsì DNA fi hàn pé a jọ ní 452 cM, ẹbí tó súnmọ́ra ni wá. Bàbá àgbà mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kafanchan kí a tó gba òmìnira. Ẹ jọ̀ọ́ mà, agbo ilé wo ni bàbá yín ti wá? Kí ni oríkì orílẹ̀ yín? Ṣé wọ́n ti gbé Àríwá rí? N kò wá owó, n kò sì wá ogún.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ wọn kì í dáhùn nítorí wọ́n rò pé ilé tàbí ilẹ̀ ni ẹ ń wá, tàbí pé gbájúẹ̀ ni yín. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ ẹyọ kan sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀.

Ìpele 9: Ẹ gbé e sórí igi

Pẹ́ńsù ni títí ohun mẹ́ta yóò fi pàdé: nọ́ńbà, àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ tó bọ́ sí, àti ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà tàbí ìwé kan. Bí méjì péré bá wà, ẹ fi àmì ìbéèrè sí i. Bí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta bá ṣì wà nílẹ̀, ètò What Are The Odds lórí DNA Painter yóò bá yín ṣírò èyí tó ṣeé ṣe jù. Ẹ ya igi kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ kí ẹ sì kọ cM gbogbo àwọn tó ṣe àyẹ̀wò.

Ẹ gba dátà gbogbo àgbà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín lọ́jọ́ tí èsì bá dé. 23andMe wọ ilé ẹjọ́ gbèsè ní March 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sáré wá dátà ìyá wọn tó ti kú. Ìgò itọ́ kejì kò sí fún òkú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ mú ẹni tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí igi, kí ẹ ka iye cM tó yẹ kó jọ ní pẹ̀lú gbogbo àwọn àgbà tó ti ṣe àyẹ̀wò, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀yin nìkan. Bí ẹyọ kan bá bọ́ síta ààlà, ẹ nù ún kúrò kí ẹ padà sí ìpele kẹfà. Bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó dàgbà jù ní ìdí-igi náà lórí fóònù. Ẹ má jẹ́ kó rí i lórí WhatsApp ìdílé.